Ọgbà ẹ̀yìnkùlé lè dáàbò bo owó ìsọ̀, àmọ́ ẹ má fi owó ìsọ̀ dá ọgbà

Owó tó ń pa ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké kì í ṣe èyí tí olè jí, kì í sì í ṣe èyí tí oníbàárà jẹ tí kò san. Owó ọbẹ̀ ni. Láàárọ̀, wọn yóò ṣí àpótí owó ní ìsọ̀, wọn yóò mú ₦1,000 nínú rẹ̀ fún ẹ̀fọ́ àti ata. Lọ́sàn-án, ọmọ yóò sáré dé láti ilé pé ilá ti tán. Kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí wọ́n ní oúnjẹ ni, oúnjẹ kì í sì í ṣe ìnákúnàá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Nígbà tí oṣù bá fi máa parí, tí ẹni tó ń kó ọjà fún wọn bá dé, owó tó yẹ kó wà nílẹ̀ kò ní í pé mọ́. Ìgbà yẹn ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba, wọn yóò bú oníbàárà, wọn yóò sì máa fura sí ọmọ tó ń bá wọn tajà pé ó ń jalè.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀yìnkùlé fi yẹ lójú ìwé okòwò. Ilẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí tí wọ́n sì ń sá aṣọ sí, lè ṣe iṣẹ́ kan tí báńkì kò lè bá ọlọ́jà ṣe. Ó lè dí ihò tí owó ọjà ń gbà bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì, apá kejì yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ. Ọgbà tí wọ́n fi owó ìsọ̀ dá, tí wọn kò ṣírò, tí wọ́n sì ń retí pé kó di ọjà kejì láàárín oṣù mẹ́ta, ihò tuntun mìíràn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́ yẹn.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó dára kéèyàn gbin nǹkan sẹ́yìn ilé. Ohun tó yí padà ni bí owó oúnjẹ ṣe ń fò sókè láìsọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn ará Èkó àti Ògùn jókòó sílé ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ, bàtà àti ẹ̀yà ara mọ́tò ti ìsọ̀ pa, owó ọjà ni wọ́n sì fi jẹun. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn wàhálà tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya dá ọjà dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Kíá ni owó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà gbéra sọ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ sì gun òkè. Ata kì í fẹsẹ̀ rìn wọ ọjà, mọ́tò ló ń gbé e wá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ọdún 2024, NBS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣirò, kéde pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti oṣù kẹfà ọdún 2023 lọ. Ẹni tó ń ta bàtà kò lè fi irú iye bẹ́ẹ̀ kún owó bàtà kí oníbàárà má sá lọ. Inú èrè rẹ̀ ni yóò ti mú un, bí èrè bá sì tán, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ọjà fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan, kí kálukú wá fi iye owó àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò èyí tó wà níbí. Ká ní ilé kan ń ná ₦1,000 lójúmọ́ lórí ẹ̀fọ́, ata àti ilá, lọ́jọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. ₦6,000 nìyẹn lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, nítorí náà ₦312,000 ni owó náà máa jẹ́ lọ́dún. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kékeré kò lè bọ́ ilé ní ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹni tó bá ní ó lè ṣe é ń tan ara rẹ̀ ni. Ká ní ó bọ́ wọn ní ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀. Ká tún yọ ọ̀sẹ̀ 12 kúrò, ìyẹn ìgbà tí irúgbìn ṣì ń hù àti ìgbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé. Ó ku ọ̀sẹ̀ 40. Ọ̀sẹ̀ 40 lọ́nà ₦2,000 jẹ́ ₦80,000.

Ìnáwó ńkọ́? Ká ní ọkọ́, wáyà tí wọ́n fi sọgbà, irúgbìn àti ajílẹ̀ gbà ₦30,000 lọ́dún àkọ́kọ́. Ká ní omi tí wọ́n rà fún ọ̀sẹ̀ 16 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn jẹ́ ₦1,000 lọ́sẹ̀, ₦16,000 nìyẹn. Àpapọ̀ ìnáwó jẹ́ ₦46,000. Tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦80,000, ₦34,000 ló kù. Lọ́dún kejì, ọkọ́ àti wáyà ti wà nílẹ̀. Tí irúgbìn àti ajílẹ̀ bá jẹ́ ₦6,000, tí omi ṣì jẹ́ ₦16,000, ₦58,000 ni yóò kù.

Kò sẹ́ni tó máa fi ₦34,000 kọ́lé. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Owó yìí kì í ṣe owó tí wọ́n jókòó nínú òòrùn kí wọ́n tó rí, wọn kò sì bá oníbàárà kankan náájà lórí rẹ̀. Owó tó yẹ kó jáde nínú àpótí ni, tí kò jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì wà nìyẹn, nítorí owó tí kò jáde kì í fi ara hàn. Ìyálé tó já ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé lónìí tí kò ná ₦1,000 lè fi ₦1,000 yẹn ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn ọmọ lọ́la, láìmọ̀ pé èrè ọgbà ni òun ń ná. Lọ́dún kejì, yóò ní ọgbà kò mú èrè kankan wá. Ó mú èrè wá, wọ́n jẹ ẹ́ ni.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ fún ọlọ́jà tó bá fẹ́ dá ọgbà ni èyí: lọ́jọ́ tí ọgbà bá se ọbẹ̀, kí wọ́n yọ owó ọbẹ̀ ọjọ́ náà sọ́tọ̀ bíi pé wọ́n rà á lọ́jà. Kí wọ́n fi lé alájọ lọ́wọ́, tàbí kí wọ́n fi sínú àkáǹtì alájẹṣẹ́kù. Ìwé pélébé kan tó, ọjọ́, ohun tí wọ́n já, àti iye tí ìbá jẹ́ lọ́jà. Tí oṣù bá parí, owó yẹn yóò padà sínú ọjà. Ẹni tó bá ń ṣe èyí ló lè sọ lóòótọ́ pé ọgbà òun ń jèrè, nítorí owó náà wà níbi tó ti lè fọwọ́ kàn án.

Ayọ̀ tó wà nínú ọgbà kì í sì í ṣe ti owó nìkan. Ẹni tó bá ti já ewédú lẹ́yìn ilé nígbà tí omi ti ń hó lórí iná mọ̀ pé ewédú tó ti sùn lọ́jà mọ́jú kì í yọ̀ bíi tirẹ̀. Kò sí pé wọ́n ń rán ọmọ sọdá títì lálẹ́ nítorí ẹ̀fọ́. Ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀ yóò jẹ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ bomi rin, yóò sì máa pariwo fún gbogbo ilé pé tòun ni wọ́n sè. Bàbá àgbà tó ti ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́ yóò rí ibi tó máa fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí, yóò máa ṣàlàyé fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ya poro nígbà tiwọn. Ìyá tó ti fi odindi ọjọ́ jókòó sórí àpótí ní ìsọ̀ yóò na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀ kí ariwo ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tó bá sì ṣẹ́ kù, tí wọ́n fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, máa ń so okùn ìfẹ́ tó lágbára. Aládùúgbò yẹn gan-an ni yóò rántí ìsọ̀ wọn nígbà tó bá fẹ́ ra nǹkan.

Àmọ́ ìdààmú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ já wọn kulẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ìgboro kì í ṣe ilẹ̀ oko. Bí wọ́n bá ṣe ń fi ọkọ́ kàn án ni náílọ́ọ̀nù yóò máa jáde, àti àfọ́kù ìgò, àti sìmẹ́ǹtì tó ti dì, àti yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nílò kí wọ́n ṣa ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi ajílẹ̀ bọ́ ọ. Ìgbẹ́ adìẹ dára gan-an, ṣùgbọ́n tútù rẹ̀ máa ń jó ẹ̀fọ́. Ó yẹ kí wọ́n kó o jọ, kí wọ́n bò ó, kó sì jẹrà fún bí oṣù méjì kí wọ́n tó dà á sílẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewé gbígbẹ náà máa ń di ajílẹ̀ tí wọ́n bá kó wọn jọ sójú kan. Ibi tí mẹkáníkì ti ń da ọ́ìlì sí tàbí ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì, ẹ má gbin ohun jíjẹ síbẹ̀ rárá. Kí wọ́n sì jìnnà sí ṣalángá. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá dáa, tàbí tí gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, lè kó ilẹ̀ tó dáa sínú àpò ìrẹsì, agbada tó ti jò tàbí ike ńlá tí wọ́n dá ìdí rẹ̀ lu kí omi lè máa jáde.

Ẹ̀yìn ilẹ̀ ni ẹran ọ̀sìn. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìgbà tí gbogbo ará ilé bá sì wà ní ìsọ̀ ló máa ń wá. Adìẹ ní tirẹ̀ kò ní í jẹ́ kí irúgbìn hù rárá, yóò ti tú gbogbo rẹ̀ ká. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ewúrẹ́ yẹn ní olówó. Bí wọ́n bá sọ òkò lù ú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ẹjọ́ dé nìyẹn. Bí wọ́n bá lọ bú olówó ewúrẹ́, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ra ọṣẹ àti súgà lọ́wọ́ wọn láti ọdún mẹ́wàá. Ta ló fẹ́ torí ẹ̀fọ́ pàdánù oníbàárà? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé owó àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lórí ọgbà ni owó tí wọ́n fi máa sọgbà yí i ká, yálà wáyà, ọparun tàbí imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra irúgbìn kó tó sọgbà, ewúrẹ́ ló gbìn ín fún.

Omi ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti wọ ìṣirò. Nígbà òjò, ẹ̀fọ́ máa ń pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ọgbà ẹ̀yìnkùlé kì í fi bẹ́ẹ̀ gba owó là fún wọn nígbà yẹn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta, ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n, ìgbà náà sì ni kànga máa ń gbẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí ọgbà ran ọjà òun lọ́wọ́, omi ẹ̀ẹ̀rùn ni kó kọ́kọ́ rò. Kó má ṣe gbin ilẹ̀ tó ju èyí tí omi rẹ̀ lè tó lọ. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ ṣeé lò, ṣùgbọ́n omi ọṣẹ líle kò dára fún un. Kí wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ìdí ẹ̀fọ́, kí òòrùn má lè tètè fa omi ilẹ̀ gbẹ. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa bomi rin ín. Ẹ̀fọ́ díẹ̀ tó yè nínú oṣù Kejì níye lórí ju ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ inú oṣù Keje lọ.

Kòkòrò náà yóò dé. Tata, ìgbín, àti àwọn kòkòrò tó máa ń ká ewé tẹ̀tẹ̀ jọ tí wọ́n á fi ṣe ilé. Níbí ni àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe tó lè gba ẹ̀mí. Wọn yóò gbé ọ̀tapíápíá tí wọ́n fi ń pa aáyán, wọn yóò fín in sórí ẹ̀fọ́, wọn yóò sì já a sè lọ́jọ́ kẹta. Oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní dichlorvos ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀, nítorí ewu tó wà nínú bí àwọn èèyàn ṣe ń lò ó. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ tí ọmọ rẹ̀ máa jẹ fi gbọ́dọ̀ lò ó. Ewé dóńgóyárò tí wọ́n gún, tí wọ́n rẹ sínú omi mọ́jú, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì po ọṣẹ díẹ̀ mọ́, máa ń lé ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ìgbín ní tirẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa á lálẹ́. Ewé tó bá sì ní ihò díẹ̀ kò ba ọbẹ̀ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló jẹ́ ayálégbé, ọ̀rọ̀ onílé sì ṣe pàtàkì. Kí wọ́n lọ bá a kí wọ́n tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, kó má baà di pé wọ́n gbin nǹkan tán kó ní kí wọ́n hú u. Ohun kan wà tí àwọn àgbà mọ̀ dáadáa: ẹni tó yá ilẹ̀ lò kì í gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ sórí rẹ̀, nítorí bí ẹni ń sọ pé òun ti ni ilẹ̀ ló rí. Ọsàn, máńgòrò àti kókó kò sí lára ohun tí ayálégbé ń gbìn láìgbàṣẹ. Ẹ̀fọ́, ilá àti ata kò lè dá ìjà sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fún ìyàwó onílé ní ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, onílé náà yóò di ẹ̀ṣọ́ ọgbà.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ohun tó ń pa ọgbà jù lọ kì í ṣe ewúrẹ́, kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀. Àìpín iṣẹ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, gbogbo ilé ni yóò máa dù ú láti bomi rin ín. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin, bàbá yóò ní àwọn ọmọ ni, àwọn ọmọ yóò ní àwọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo rẹ̀ yóò sì wá já lé ìyá lórí, ẹni tó ti ìsọ̀ dé láago mẹ́jọ alẹ́, tí yóò tún dáná. Ọgbà tó bá di ìyà fún ẹnì kan kò ní í pẹ́ di igbó. Kí bàbá mú ọjọ́ tirẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ara ògiri. Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí wọ́n sọ láìfi bò: ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe alágbàṣe oko. Iṣẹ́ aṣọ rírán tàbí irun ṣíṣe ni òbí rẹ̀ mú un wá kọ́. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kó ro ọgbà, kó sanwó fún un, kó sì kọ owó náà sínú ìnáwó ọgbà.

Kí ló wá yẹ kí wọ́n gbìn? Ewé ni, kì í ṣe tòmátì. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé tòmátì ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré gbìn, nítorí owó rẹ̀ ló ń dùn wọ́n jù lọ́jà. Àmọ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá nígbà òjò kì í bá tòmátì rẹ́ dáadáa, ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kó kú lójijì tàbí kó jẹrà lórí igi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì ọjà ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn náà sì ní wàhálà tiwọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nítorí kòkòrò tó ń jẹ tòmátì run, èyí táwọn èèyàn sọ ní Ebola tòmátì. Bí àwọn tó fi tòmátì ṣe iṣẹ́ bá ń ké, kí ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀yìnkùlé ṣe? Kó ra tòmátì lọ́jà, kó fi ilẹ̀ rẹ̀ gbin ohun tó rọrùn.

Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ máa ń tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Irúgbìn rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà ṣù sójú kan. Ewédú ní tirẹ̀ máa ń lọ́ra láti hù, àfi tí wọ́n bá fi omi gbígbóná ṣan irúgbìn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí wọ́n tó fi gbẹ. Igi gbúre tí wọ́n já lára èyí tí wọ́n rà lọ́jà ń hù tí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀, kò béèrè owó irúgbìn. Igi ewúro náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilá yóò so ní bí oṣù méjì. Ata rodo ló ń gba sùúrù, ó lè tó oṣù mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n ti fọ́n irúgbìn rẹ̀, àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, yóò so fún ìgbà pípẹ́. Kí wọ́n má gbin gbogbo ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá gbin díẹ̀ lónìí, tí wọ́n gbin díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní í di pé ẹ̀fọ́ pọ̀ jù lọ́sẹ̀ kan, kó má sì sí rárá lọ́sẹ̀ kejì.

Ní ti owó tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò gba àríyànjiyàn. Ẹ má mú un nínú owó ọjà, ẹ má sì yá a. Ẹ̀yáwó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké ń yá àwọn ọlọ́jà, kò ní í pẹ́ rárá tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó wọn padà. Kò sí ẹ̀fọ́ tó ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú owó oúnjẹ ilé ni kí wọ́n ti yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n fi àpò mẹ́ta mẹ́rin tàbí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní méjì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú ìyẹn fún oṣù mẹ́fà láìjẹ́ kó di igbó, kí wọ́n fi kún un. Àwọn tó ń sọ fún ọlọ́jà pé kó kó owó ìsọ̀ sórí ọgbà abẹ́ ọ̀rá, pé èrè rẹ̀ kò lóǹkà, kí ọlọ́jà bi wọ́n léèrè omi, ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, àti ẹni tó máa rà á, kó tó dá wọn lóhùn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, ìyẹn olóúnjẹ. Ìyá tó ń ta àmàlà máa ń ra ewédú àti ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, nítorí náà ọgbà rẹ̀ ti wọ inú ọjà tààrà. Àmọ́ òun gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Tí kò bá kọ ewédú tó já lẹ́yìn ilé sílẹ̀, yóò rò pé ọbẹ̀ òun ń jèrè ju bó ṣe yẹ lọ, yóò dín owó abọ́ kù, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé tí ọgbà gbẹ, yóò rí i pé owó tí òun ń tà á kò gbé e mọ́. Kí ìsọ̀ máa ra ewédú lọ́wọ́ ọgbà, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé àpò kan sí àpò kejì ni owó náà ń lọ.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń pariwo ọgbà nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn gbin nǹkan, títí kan àwọn ará ìgboro. Ní ọdún 1980, ìjọba Alhaji Shehu Shagari gbé Green Revolution dé. Àwọn ètò náà ti lọ. Ohun tó mú kí ọgbà àwọn ìyá kan ṣì wà lẹ́yìn ilé wọn títí dòní kì í ṣe ariwo ìjọba, bí kò ṣe pé wọ́n rí ìwúlò rẹ̀ nínú àpò ara wọn.

Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti alájẹṣẹ́kù ló kù tó lè ṣe nǹkan kan sí i. Wọ́n máa ń kó owó jọ ra ìrẹsì àti epo lọ́pọ̀ nígbà ọdún, kí wọ́n sì pín in. Kí ló dé tí wọn kò lè ra irúgbìn gidi àti ajílẹ̀ lọ́pọ̀ bákan náà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé? N'Ìbàdàn, NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Ìdí-Iṣin, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ̀wé pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé kò ṣe ohun tó pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ ìlera àti owó orí ni wọ́n sábà máa ń pe àlejò wá sọ. Ọ̀rọ̀ owó ọbẹ̀ tó ń jáde nínú àpótí lójoojúmọ́ náà yẹ ní ohun tí wọ́n ń pe ìpàdé lé lórí.